Ẹni Tó Mọ̀ Tí Kò Sọ

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án

Bàbá mi,

Ẹ káàárọ̀, ẹ káàsán, ẹ káalẹ́, nítorí n ò mọ ìgbà tí lẹ́tà yìí máa dọ́wọ́ yín. Ṣé ara le? Ṣé ẹsẹ̀ yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Àbúrò mi ní etí ọ̀tún yín náà ti ń tẹ̀lé tòsì, pé bí òun bá fi fóònù sí yín létí, ẹ kàn ń pariwo "Ẹ̀n? Ẹ̀n?" títí fóònù á fi kú. Kò burú. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní lẹ́tà kíkọ, ẹ jẹ́ ká máa kọ ọ́.

Wọ́n ti fún mi ní kíláàsì tèmi níkẹyìn. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń ran olùkọ́ ẹlòmíì lọ́wọ́, tí mò ń gé bébà, tí mò ń nu imú ọmọ. Ní báyìí, ọmọ mẹ́tàlélógún, ọmọ ọdún mẹ́jọ mẹ́jọ, tèmi ni wọ́n. Yàrá Karùn-ún ni wọ́n kó wa sí, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Fèrèsé mẹ́ta ló ní, ọ̀kan ò ṣeé ṣí.

Ṣùgbọ́n Bàbá, ọ̀rọ̀ yàrá àwọn olùkọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Tábìlì gígùn kan ló wà níbẹ̀, ẹni mọ́kànlá ló ń jókòó tì í. Tí mo bá wọlé, wọ́n á kí mi, wọ́n á sì tún dojú kọ ife tíì wọn. Wọn ò bú mi. Ì bá tiẹ̀ sàn kí wọ́n bú mi, mà á mọ ohun tí mà á fi dá wọn lóhùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo jókòó sórí àga kan, gbogbo wọn dákẹ́ lójijì. Ẹnì kan wá rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí wàhálà, ẹni tó ni àga yẹn ti kú láti ọdún tó kọjá. Mo dìde. Kò sẹ́ni tó ní kí n jókòó.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Yàrá Kẹfà ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ tiẹ̀, ògiri kan péré ló wà láàárín wa. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti lò lẹ́nu iṣẹ́, irun orí rẹ̀ funfun báláú. Màmá Kẹfà ni mò ń pè é, ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo dìde lórí àga yẹn, òun ló fa àga tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Wá jókòó síbí, ọmọ. Àwọn wọ̀nyí? Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi wò mí kí wọ́n tó bi mí lórúkọ." Àtìgbà náà la ti jọ ń jẹun ọ̀sán.

Báwo lẹ̀yin ṣe ṣe é tẹ́ ẹ fi lọ́rẹ̀ẹ́ lẹ́nu iṣẹ́? Wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi bí olùkọ́ ṣe ń bá olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá

Olùkọ́ Kékeré,

Mo kí ọ, mo kí àwọn ọmọ rẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógún, mo kí fèrèsé tí kò ṣeé ṣí. Ara mi le bí ara arúgbó ṣe ń le: bí a bá tún orúnkún ṣe, ìbàdí á ní òun ńkọ́. Etí mi ló di, ọpọlọ mi ò di. Sọ fún àbúrò rẹ kó yéé pariwo mọ́ mi bí ẹni ń lé ewúrẹ́.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá ọ ṣẹjọ́ ná. Láti oṣù karùn-ún, n ò rí ìlà kan gbà lọ́dọ̀ rẹ. Ẹni tó ń ráyè gé bébà fún ọmọ ọlọ́mọ yẹ kó lè gé ọ̀kan fún bàbá rẹ̀.

Ìbéèrè rẹ dùn mọ́ mi. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi dúró níwájú pátákó, ó ti di ọdún mẹ́wàá tí mo ti fẹ̀yìntì. Bí wọ́n bá ní kí n ka ohun tí mo kó bọ̀, ikọ́ ẹfun àti èèyàn ni. Àwọn tí mo kọ́ ń kí mi lójú títì, àwọn mìíràn ti hu irùngbọ̀n, n ò mọ orúkọ wọn mọ́. Àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́ nìkan ni ohun tí mo fi ayé mi ṣe yé. A ku mẹ́rin. Lọ́jọ́ Ẹtì a máa ń pàdé nílé Gàgàrà. Ó dájú pé o rántí rẹ̀, ọkùnrin gíga tó máa ń tẹrí ba kó tó wọ kíláàsì. Òun ni mo bá lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mi. Mo kọ ètò ẹ̀kọ́ mi, mo gbé e fún un pé kó bá mi wò ó. Ó fi bírò pupa fa igi lé gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀, ó wá dá a padà, ó ní, "Ó dáa." Bí a ṣe dọ̀rẹ́ nìyẹn. Ó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ṣáájú àwa yòókù, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà.

Ohun tí mo lè sọ fún ọ kò ju èyí lọ. Ọ̀rẹ́ ẹnu iṣẹ́ kì í ti ẹnu wá, ọwọ́ ló ti ń wá. Wo ẹni tí ẹrù wúwo lọ́wọ́ rẹ̀, kó o bá a gbé e. Kò ní gbàgbé rẹ.

Fi fọ́tò kíláàsì rẹ ránṣẹ́. Mo fẹ́ mọ irú orí tí ò ń bá jà.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejì, oṣù kọkànlá

Bàbá mi,

Ẹ kú orúnkún, ẹ kú ìbàdí. Wọn ò gbà kí èèyàn ya àwọn ọmọ ní fọ́tò níbí, àga wọn ni mo yà fún yín. Ẹ fojú inú gbé ọmọ lé e.

Mo ṣe bí ẹ ṣe wí. Mo rí ẹni tí ẹrù wúwo lọ́wọ́ rẹ̀, mo bá a gbé e. N ò wá mọ bí mà á ṣe sọ ọ́ kalẹ̀ mọ́.

Ojú Màmá Kẹfà ń lọ. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó kọjá ni mo fura. A jọ ń máàkì ìwé àwọn ọmọ, ó fa àmì "ó tọ̀nà" kan gààrà, orí tábìlì ni àmì náà bọ́ sí. Mo wá ń ṣọ́ ọ. Ohùn ló fi ń mọ ọmọ. Tó bá ń gun àtẹ̀gùn, ètè rẹ̀ ń ka ìgbésẹ̀. Nígbà tí mo bi í, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní, "Àárín nǹkan ni n ò rí mọ́. Etí rẹ̀ nìkan ni mò ń rí. Bí mo ṣe ń wò ẹ́ yìí, mò ń rí ejìká ẹ, n ò rí imú ẹ."

Dókítà ti sọ fún un láti ọdún méjì sẹ́yìn pé kò sí oògùn rẹ̀. Ó ku ọdún méjì kó fẹ̀yìntì. Mo ní kí ló dé tí kò lọ sinmi. Ó ní, "Sinmi síbo? Ọkọ mi ti kú. Ọmọ mi kì í wá. Inú yàrá kan ni mà á jókòó sí, tí mà á máa retí òkùnkùn. Níbí, ọmọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ń pè mí láràárọ̀."

Èmi ni mo wá ń kọ pátákó rẹ̀ kí aago tó lù. Tí ilé ẹ̀kọ́ bá parí, mà á ka ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ sí i létí, á máa sọ máàkì tí mà á kọ. Tó bá kàn án láti ṣọ́ àgbàlá nígbà ìsinmi, mà á dúró tì í bí ẹni tó ń bá a tàkúrọ̀sọ. Bàbá, ohun tí mo kọ́ lẹ́nu rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ju ohun tí mo kọ́ lọ́dún mẹ́rin lọ. Mo ka ìwé ọmọ kan fún un, mo ní ọmọ náà ò fọkàn sí i. Ó ní, "Ṣé lẹ́tà rẹ̀ ń kéré sí i bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ebi ń pa á." Mo wádìí rẹ̀. Òótọ́ ni.

Ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n. Ṣé kí n sọ fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kọkànlá

Olùkọ́ Kékeré,

Mo kí ọ. Fọ́tò àga dé ọwọ́ mi.

Má sọ.

Olùkọ́ kì í gbé ẹjọ́ olùkọ́ tọ ọ̀gá lọ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Obìnrin yìí fún ọ ní àga nígbà tí ẹni mọ́kànlá ń wò ọ́ níran, ṣé ìwọ ló máa wá ti àga kúrò nídìí rẹ̀? Ọdún méjì kì í ṣe títí láé. Bá a gbé e dé èbúté. Ó ní ìrírí, ìwọ ní ojú, ẹ̀yin méjèèjì ti tó olùkọ́ kan àbọ̀.

Bó o bá sọ, wọ́n á lé e. Ìwọ á sì máa rí ojú rẹ̀ nínú oúnjẹ rẹ títí o ó fi dàgbà bíi tèmi. Mo mọ ohun tí mò ń wí. Má bi mí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kìíní

Bàbá mi,

Ẹ má bínú pé n ò kí yín dáadáa.

Lọ́jọ́ kọkànlá oṣù yìí, nígbà ìsinmi òwúrọ̀, Màmá Kẹfà ló ń ṣọ́ àgbàlá. Òbí kan wá rí mi lọ́jọ́ náà. Mo ní kí Màmá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn ìta tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá ìkẹ́rùsí, pé mò ń bọ̀ láìpẹ́. Ọmọbìnrin kan wà nínú kíláàsì mi tí gbogbo wa ń pè ní Ẹyẹ, nítorí kì í rìn, fífò ló máa ń fò. Ó gun irin àtẹ̀gùn náà, aṣọ rẹ̀ há, ó wá rọ̀ síta. Àwọn ọmọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta ló pe Màmá Kẹfà. Ariwo pọ̀ nínú àgbàlá. Màmá gbọ́ pé ọmọ kan ń pe òun, kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó yíjú sí ibi tí ohùn ti ń bọ̀, ó wo ibẹ̀ gan-an, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i.

Aṣọ ya. Ọmọ náà já sílẹ̀, ó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì.

Ó wà láàyè. Eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ló ṣẹ́, dókítà ní kò ní rìn mọ́.

Nígbà tí mo kó àwọn yòókù wọlé, ọ̀kan nínú wọn gbé ojú sókè sí mi, ó ní, "Tíṣà, kí ló dé tí Màmá Kẹfà ń rẹ́rìn-ín?"

Gbogbo èèyàn níbí gbà pé jàǹbá lásán ni. Àwọn olùkọ́ ti wá ń pè mí sí tábìlì. Wọ́n ń bu tíì fún mi, wọ́n ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn, wọ́n ní kí n pẹ̀lẹ́. Ohun tí mo ti ń fẹ́ láti oṣù kẹsàn-án nìyẹn, Bàbá, mo sì ń gbé tíì náà kalẹ̀ láìfẹnu kàn án. Ìgbìmọ̀ kan máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà nípàrí oṣù kẹta. Wọ́n á bi mí bóyá mo mọ ohunkóhun. Kí ni kí n sọ?

Ọmọ yín.


Ogúnjọ́, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ìdákẹ́.

Àbúrò mi ní ẹ ti rí lẹ́tà mi gbà láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ní ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì, ẹ tì í bọ abẹ́ ìrọ̀rí, àtìgbà náà ẹ ò tíì jẹun tán lẹ́ẹ̀kan. Mo bá yín kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n n ò ránṣẹ́ pé kẹ́ ẹ gbààwẹ̀ fún mi, ìdáhùn ni mo ní kẹ́ ẹ fún mi.

Màmá Kẹfà ò wá síṣẹ́ mọ́. Mo lọ sílé rẹ̀. Ó jókòó nínú yàrá kan bó ṣe sọ gẹ́lẹ́, kótù rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, kò tan iná. Ó ní, "Ṣé o máa sọ?" Mo ní n ò mọ̀. Ó ní, "Èmi náà ò mọ̀ bóyá mo fẹ́ kó o sọ." Nígbà tí mo ń lọ, ó bi mí bóyá Ẹyẹ ń sunkún. Mo ní kì í sunkún. Ó ní ìyẹn ló burú jù.

Ìmọ̀ràn yín ni mo tẹ̀ lé. Lẹ́tà yín wà níwájú mi báyìí: "Má bi mí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n." Mo wá bi yín.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí tí mo fà á ya. Èyí tó bá dọ́wọ́ rẹ ni ìkeje.

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, nígbà tí ìwọ wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ bí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ, ìyàwó Gàgàrà dùbúlẹ̀ àìsàn. Kò lè yíra padà lórí ibùsùn. Láràárọ̀, Gàgàrà á pe orúkọ àwọn ọmọ tán nínú rẹ́jísítà, á kọ iṣẹ́ sójú pátákó, á gba ẹ̀yìn ilé yọ lọ sílé, á lọ yí ìyàwó rẹ̀ padà, á fún un lómi, á sáré padà wá. Kì í ju wákàtí kan lọ. Èmi ni mò ń bá a wo kíláàsì náà láti ojú fèrèsé tèmi. A ṣe é fún oṣù márùn-ún.

Wọ́n wá fi mí ṣe igbákejì ọ̀gá. A gbọ́ pé olùbẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ ń bọ̀. Ẹ̀rù bà mí pé bó bá bá kíláàsì láìsí olùkọ́, èmi ni wọ́n máa bi. Mo kọ lẹ́tà kan sí olùbẹ̀wò náà, n ò fọwọ́ sí i. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé Gàgàrà ń fi kíláàsì sílẹ̀, àwọn ọmọ sì ń jìyà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n dá Gàgàrà dúró. Inú ilé àwọn olùkọ́ ló ń gbé, wọ́n ní kó kó jáde. Wọ́n fi ibùsùn gbé ìyàwó rẹ̀ gba inú àgbàlá ilé ẹ̀kọ́ kọjá, àwọn ọmọ ń wò ó. Kò lo ọdún kan lẹ́yìn náà. Èmi ni mo gbá ẹsẹ̀ pósí rẹ̀ mú. Gàgàrà dì mọ́ mi lọ́rùn lójú oórì, ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n ṣàìní irú èmi. Mo ṣe àmín.

Ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Nígbà tí lẹ́tà rẹ ti oṣù kọkànlá dé, n ò rí àwọn ọmọ rẹ rárá. Gàgàrà nìkan ni mo rí. Kò sí ọmọ tó jìyà nílé ẹ̀kọ́ tiwa, mo pariwo. Ọmọ wà nínú ewu nílé ẹ̀kọ́ tìrẹ, mo ní kó o panu mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀rọ̀ yìí kàn mí láyé mi, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo gba ọ̀nà òdì.

Sọ ọ́. Sọ gbogbo rẹ̀. Kí lẹ́tà yìí tètè dé.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹrin

Bàbá,

Lẹ́tà yín dé ní ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ jókòó tán. Mo ti sọ ọ́ láìgbọ́ tẹnu yín.

Ènìyàn mẹ́ta ló jókòó níwájú wa. Wọ́n béèrè bóyá mo ṣàkíyèsí ohunkóhun nípa ojú Màmá Kẹfà. Màmá jókòó lápá òsì mi, ó ń wò mí, ìyẹn ni pé ejìká mi ló ń rí. Mo sọ ti pátákó, mo sọ ti ìwé tí mò ń bá a máàkì, mo sọ bí mo ṣe ń dúró tì í nínú àgbàlá, àti pé n ò dúró lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo parí, Màmá ní, "Bó ṣe sọ ọ́ yẹn ni. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́." N ò rántí pé ó bẹ̀ mí rí.

Ìyá Ẹyẹ gba àyè láti bi mí ní ìbéèrè kan. Ó ní, "Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?" Mo ní oṣù kẹwàá. Ó kà á lórí ìka: kẹwàá, kọkànlá, kejìlá. Ó dá ìka kẹta yẹn dúró. Ó ní, "Lóṣù kejìlá ni mo wá bá yín ní kíláàsì, tí mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín pé ẹ ń tọ́jú ọmọ mi." Ó jókòó. Kò wò mí mọ́.

Wọ́n dá Màmá Kẹfà dúró. Wọ́n gba ìwé àṣẹ mi, n ò gbọdọ̀ kọ́ni fún ọdún márùn-ún. Mo lọ kó àwọn ẹrù mi nínú yàrá àwọn olùkọ́. Wọ́n ń bu tíì lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó kí mi, n ò sì dá wọn lẹ́bi.

Bàbá, mo ka ìkeje yín. Mo ṣàánú yín, ṣùgbọ́n inú ń bí mi ju àánú lọ. Mo ní kẹ́ ẹ fún mi nímọ̀ràn, ẹ̀rù yín lẹ dì sínú àpò ìwé ránṣẹ́ sí mi. Mo ṣí i, mo wọ̀ ọ́ bí ẹ̀wù, ọmọ kan ò ní rìn mọ́. Èmi náà ní ẹ̀bi tèmi, n ò sì ní gbé e fún yín.

Gàgàrà ṣì ń mí. Ẹ lọ bá a. Títí ẹ ó fi lọ, n ò ní kọ̀wé sí yín mọ́.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Mo kí ọ, bó o bá ṣì ń gba ìkíni mi.

Mo lọ lánàá. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yan ọjọ́ tí àwọn yòókù kì í wá. Ó ń to ìwé sórí pẹpẹ nígbà tí mo wọlé, ó pariwo sí mi pé, "O ṣìnà ni? Òní kọ́." Mo ní mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Mo sọ ọ́ ní ìdúró, nítorí mo mọ̀ pé bí mo bá jókòó, n ò ní sọ ọ́. Mo sọ ti lẹ́tà, mo sọ ti olùbẹ̀wò, mo sọ ìlà tí mo kọ nípa àwọn ọmọ.

Kò yà á lẹ́nu. O mọ̀ pé etí mi ò gbọ́ mọ́, ó wá súnmọ́ mi, ó tẹrí ba, ó gbé ẹnu sí mi létí. Ó ní, "Mo mọ̀. Olùbẹ̀wò fi lẹ́tà náà hàn mí lọ́jọ́ tí wọ́n lé mi. Ṣé n ò ní mọ ọwọ́ ìkọ̀wé tí mo fi bírò pupa tún ṣe?"

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Mo ní, "O mọ̀ nígbà tá a wà lójú oórì?" Ó ní òun mọ̀. Mo ní kí ló dé tí kò sọ.

Ó ní, "Mo fẹ́ kó o fẹsẹ̀ ara ẹ rìn wá. Mo fún ẹ ní ọdún kan. Mo tún fún ẹ ní márùn-ún. Nígbà tó yá, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, n ò ní ọ̀rẹ́ míì."

Mo kúnlẹ̀. Orúnkún mi ò gbé mi dìde mọ́, òun náà ló fà mí sókè, ó sì gbọn eruku kúrò ní ṣòkòtò mi. Ó tún gbé ẹnu sí mi létí, ó ní, "Má wá lọ́jọ́ Ẹtì mọ́." Kò pariwo. Ó ní ohun tí òun ń dúró dè ti dé, pé òun ò tún ní dúró de nǹkan kan lọ́dọ̀ mi.

Mo ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tó fà mí lápá. Ó ní, "Kí ló dé tó jẹ́ òní?" Mo ní ọmọ mi ló ní kí n wá. Ó ní, "Ìyẹn tó ń kọ́ ọmọ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. N ò lè sọ fún un pé kò kọ́ ọmọ mọ́.

Ó ní, "Ọmọ ẹ sàn jù ẹ́ lọ." Ó sì ti ilẹ̀kùn.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà wá fún ọ bó ṣe sọ ọ́. Ìwọ ló ni ín.

Bàbá rẹ.